Igi Tí Kò Lè Mí

Ní ìjọ àwọn Yorùbá tó wà ní Bouaké, àga mẹ́rin ni wọ́n tò sí ọwọ́ ọ̀tún pẹpẹ fún àwọn tó ń lo ohun èlò orin, ẹni tó bá sì jókòó sí ti iwájú ni gbogbo ìjọ ń wò. Ọdún mọ́kànlélógún ni Díkónì Bánjọ ti fi jókòó síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, àgádágodo àti ìkọ́ ilẹ̀kùn ni ó ń tà nínú ọjà. Àwọn oníbàárà a máa pè é ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀, òun náà a sì máa jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, tó bá ti gbé gìtá kọ́ ọrùn, ẹni tó bá pe ohun mìíràn yàtọ̀ sí Díkónì, etí rẹ̀ á di pátápátá.

Ọdún kẹta rèé tí ó ra gìtá oníná méjì fún ìjọ, dúdú kan, pupa kan. Ìbejì ni wọ́n: ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, inú bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n bá dé láti Abidjan, àwọ̀ ọ̀dà ara wọn nìkan ló yàtọ̀. Ó mú dúdú fún ara rẹ̀, ó gbé pupa fún Joel tó jẹ́ igbákejì rẹ̀. Ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn méjèèjì pé: Láti ọwọ́ Díkónì Bánjọ àti ìdílé. Folúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bi í nígbà náà pé ta ni yóò máa ka ẹ̀yìn gìtá, nígbà tó jẹ́ pé ikùn ẹni tó ń ta á ni ẹ̀yìn náà ń kọjú sí. Ó ní Ọlọ́run á máa kà á.

Joel kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bouaké ni wọ́n bí i sí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ́ kaṣú ní Zone industrielle ni ó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, èdè Faransé a sì máa já lu Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé. Díkónì ló kọ́ ọ bí wọ́n ti ń tẹ okùn gìtá. Ṣùgbọ́n láti Àjíǹde tó kọjá, bí Joel bá ti dá orin, orí àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin á ti máa mì kí àwọn fúnra wọn tó mọ̀. Díkónì rí i. Ó wá ìdí rẹ̀ kiri, kò sí ibi tí kò wá a dé, àfi ìka ọwọ́ Joel nìkan.

Inú fóònù ni ó ti rí ìdí náà. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan ló ń ṣàlàyé nínú fídíò pé ọ̀dà tó nípọn a máa di gìtá lẹ́nu, pé igi inú rẹ̀ kò ní lè mí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bó o, tó fi fáníìṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á, igi á mí, ohùn á sì jáde geere. Díkónì wo fídíò yìí lẹ́ẹ̀mẹrin. Fídíò mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ọkùnrin kan ti ń sọ pé irọ́ funfun báláú ni, pé nínú gìtá oníná, okùn àti òòfà tó wà lábẹ́ okùn ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀dà kò sí níbẹ̀ rárá. Ìyẹn, Díkónì kò wò ó parí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Ìkórè ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan ṣoṣo ni ìjọ ní fún gìtá, ojú ihò kan péré ló sì kù tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Gìtá tí wáyà rẹ̀ bá wọ ihò yẹn ni ayé ń gbọ́. Èkejì kàn ń jó láìsí ìlù ni. Màmá Christianah, olórí ẹgbẹ́ akọrin, obìnrin tó ń ta aṣọ, tí kì í gbé ohùn sókè nítorí pé kò sí ẹni tó jẹ́ dáṣà àìgbọ́ tirẹ̀, ló pa ìwé orin dé lọ́jọ́ ìdánrawò náà.

"Díkónì, lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí Joel ki wáyà tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Àwọn ará Béoumi ń bọ̀, àwọn ti Languibonou ń bọ̀. Ẹ̀yin, ẹ sinmi díẹ̀."

Sinmi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí wọ́n ti pín ogún rẹ̀ tán.

"Màmá, kì í ṣe pé mo kọ̀," ni Díkónì wí. "Ohùn gìtá yẹn ni. Àbí ẹ ò gbọ́ ọ? Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n fi ìdérí dé. Ọ̀dà pupa yẹn ti nípọn jù. Igi inú rẹ̀ kò lè mí."

Joel rẹ́rìn-ín. "Bàbá, tiyín náà ńkọ́? Ṣé ọ̀dà kọ́ ló dúdú lára rẹ̀ yẹn ni?"

"Mo fẹ́ bó o. Fáníìṣì ni mo máa fi pa á. Bí mo bá bó o tán, ìwọ gan-an á gbọ́ ìyàtọ̀."

"Franchement, Bàbá, bí wọ́n bá ta aṣọ sáàárín, ẹ̀yin gan-an ò ní mọ èwo ni tiyín."

Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ohùn òkè ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin, ẹ̀rín náà sì rìn yí gbogbo àga ká kó tó padà wá bá Díkónì níbi tó dúró sí.

"Èmi?" ló wí. "Ohùn gìtá tèmi? Ó dáa. Kí wọ́n ta aṣọ sáàárín. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Bí mo bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan péré, mo fi àga yìí sílẹ̀ fún ọ. N ò sọ ti Ìkórè nìkan o. Títí ayé ni."

Màmá Christianah wo ojú rẹ̀ bóyá ó fẹ́ gbé e mì. Kò gbé e mì.

"Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Díkónì sọ?"

Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Nílé, Folúkẹ́ fi ọwọ́ gbá àyà lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sídìí àlùbọ́sà tó ń rẹ́. "Bàbá Raïssa, ẹ̀yin tí mo pè lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ yìí kí ẹ tó dáhùn. Etí yẹn náà lẹ fẹ́ fi gbọ́ fáníìṣì?"

Díkónì ti ń ti gìtá bọ àpótí.

Abdoulaye tó ń kan igi lójú ọ̀nà Zone industrielle ni ó gbé e lọ bá. Abdoulaye yí gìtá náà síwá sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbé ẹran tí kò mọ orúkọ rẹ̀ wá bá. Èdè Dioula ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ.

"Tonton, ibùsùn ni mo máa ń pa ní vernis, ìyẹn fáníìṣì. Ibùsùn, ilẹ̀kùn àti pósí."

"Igi ni gbogbo wọn."

"Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pósí kan ò tíì kọrin rí."

Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́jọ kí ó tó ha ọ̀dà dúdú náà tán, nítorí ó nípọn bí èèpo ẹ̀yìn àgbọn. Nígbà tí igi yọ jáde, wọ́n rí i pé kì í ṣe odindi igi: ègé mẹ́ta ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, ọ̀kan pupa ràkọ̀ràkọ̀, ọ̀kan funfun, ọ̀kan sì ní kókó. Abdoulaye fi ìka tọ́ ọ, ó wo ojú Díkónì. Díkónì wo ìta. Lẹ́yìn náà ni Abdoulaye po gomme-laque mọ́ ọtí spirit, èyí tí wọ́n fi ń dán àga àwọn bàbá ńlá, ó sì ń fi àkísà rọra pa á, ìpele lórí ìpele, títí igi oní-ègé-mẹ́ta fi ń tàn bí oyin.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án," ni Abdoulaye wí. "Òjò ló wà lójú sánmà, kò ní tètè gbẹ. Má sì dé e mọ́ inú àpótí."

"Ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e. Kọ orúkọ mi padà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dà wúrà ni kí o fi kọ ọ́."

"Lórí vernis tútù?"

"Kọ ọ́."

Ọjọ́bọ̀ ni ó gbé e délé, ó sì dé e mọ́ inú àpótí gbọingbọin kí ojú má baà rí i ṣáájú ọjọ́. Kí ó tó dé e, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó pa ojú dé, ó sì fi ìka ta okùn rẹ̀ kan. Ó dún. Ó tún ta á. Ó dún bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀. Díkónì la ojú, ó ní yàrá yẹn ló kéré jù.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á. Ọdún mọ́kànlélógún, lẹ́nu ọ̀rọ̀ kan tó fi ìbínú sọ. Bí ó bá fi àga sílẹ̀, ìbéèrè tó kù ni pé níbo ni yóò máa jókòó, ta ni yóò sì máa wò ó? Ó rántí pé okùn kẹta gìtá òun ti gbó, ó ti ń dípẹtà, ó sì máa ń kùn díẹ̀ bí eṣinṣin bí wọ́n bá ta á. Okùn tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ti dúrọ́ọ̀ padà. Okùn tó gbó náà ni ó fi sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe èrú. Àpèjúwe ọmọ ẹni ni kí ènìyàn mọ àpá tó wà lára ọmọ náà.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n fi ìdánwò náà sí, lẹ́yìn ìdánrawò ìkẹyìn tí gbogbo akọrin ti ń wọ ẹ̀wù funfun wọn. Ìkórè di ọ̀la. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà lẹ́bàá pẹpẹ, òjò sì ti ṣú bo orí páànù ilé ìjọsìn. Màmá Christianah ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ àpò bébà pẹlẹbẹ méjì jáde.

"Okùn tuntun rèé fún gìtá méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan wí lọ́la. Díkónì, ẹ pààrọ̀ tiyín. Joel, pààrọ̀ tìrẹ."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Díkónì fi tú okùn kẹta náà. Okùn náà ká jọ, ó bọ́ sílẹ̀, Màmá Christianah sì fi bàtà gbá a lọ sídìí ògiri. Bó ṣe ń so àwọn tuntun, ó rí i pé àtàńpàkò òun fi àmì sílẹ̀ lára fáníìṣì, bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ kan ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ó fi ìnuwọ́ nù ún, ó sì ń so okùn lọ.

Ètò rẹ̀ kò le. Joel ni yóò ta gìtá méjèèjì lẹ́yìn aṣọ búlúù tó bo ẹnu yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, kí ó lè jẹ́ ọwọ́ kan náà. Yóò ta ẹsẹ orin kan lórí ọ̀kan, yóò fa wáyà yọ, yóò ta ẹsẹ kan náà lórí èkejì, Díkónì yóò sì sọ èwo ni tòun, àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Èyí tó máa kọ́kọ́ gbé, Màmá Christianah ti kọ ọ́ sórí ìwé méjì: ọ̀kan wà lọ́wọ́ Joel, èkejì wà nínú àpò tirẹ̀. Díkónì jókòó sórí àga rẹ̀, ó kọjú sí aṣọ búlúù. Gbogbo akọrin jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń gbọ́ mímí wọn.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ó dára. Ó dákẹ́. Wáyà dún kà, orin náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó dára.

Bákan náà ni wọ́n ṣe rí. Díkónì na etí títí ọrùn rẹ̀ fi ń ro ó. Ó wá igi tó ń mí, ó wá igi tí wọ́n dì lẹ́nu. Joel nìkan ni ó ń gbọ́, ìka Joel tó ń lọ tó ń bọ̀ láìkánjú, tí kò sì sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ tòun láti ọdún wo ni. Òógùn ń ṣàn wọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀.

"Díkónì?"

"Kó tún un ta."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré o."

Ti àkọ́kọ́ kọjá. Ti èkejì parí. Nígbà tí Joel ń gbé èkejì yìí kúrò láyà kí ó tó fa wáyà, nǹkan kékeré kan gba inú ẹ̀rọ jáde: ríìì, wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń ṣí pílásítà kúrò lápá onírun. Aṣọ ni. Ẹ̀wù Joel ló lẹ̀ mọ́ fáníìṣì.

"Ìkejì," ni Díkónì wí.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kò tilẹ̀ gbọ́ orin mọ́. Aṣọ ni ó ń retí. Orin àkọ́kọ́ parí, ríìì, ó sì ní, "Àkọ́kọ́," kí wọ́n tó ta ìkejì rárá. Ariwo ìyanu kékeré sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan ní, "Ẹ wo etí." Ara Díkónì balẹ̀, ojú sì tì í, méjèèjì pọ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni òjò dé.

Kò kọ́kọ́ kán. Ó ya lu páànù lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó da àpò kaṣú sórí ilé. Joel ti bẹ̀rẹ̀; orin ń wá láti inú ẹ̀rọ bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lódìkejì odò. Àkọ́kọ́ parí. Díkónì tẹ̀ síwájú. Òjò nìkan. Orin kejì bẹ̀rẹ̀. Ó wo iṣu, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wo àga tó jókòó sí, apá rẹ̀ tí ọwọ́ òun ti mú dán fún ọdún mọ́kànlélógún. Orin náà sún mọ́ òpin. Bí òjò bá rí báyìí, a kò lè gbọ́ igba pílásítà. Ó ti ń ṣà á lọ́kàn bí ọmọdé tí ń ka ìka: èyí àbí ìyẹn, èyí àbí ìyẹn.

Orin kejì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ọ. Kì í ṣe wẹ́rẹ́ mọ́. Ó lọ́ra, ó gùn, ó le, ríìììì, ó la òjò kọjá wá sí etí rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé gìtá kúrò láyà kì í fà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni.

Díkónì wo aṣọ búlúù náà.

"Díkónì, ẹ̀yin là ń retí."

"Ìkejì," ló wí.

Màmá Christianah yọ ìwé inú àpò rẹ̀, ó kà á sókè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà. Ilé dàrú. Wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, wọ́n ń ní igi mí lóòótọ́. Àwọn obìnrin ohùn òkè tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yẹn ló wá ń sọ pé àwọn náà gbọ́ ìyàtọ̀ náà, pé ó hàn kedere. Joel jáde láti ẹ̀yìn aṣọ búlúù. Ó gbá ìwé orin ńlá mọ́ ikùn bí ẹni tí inú ń run, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Díkónì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ yàrá kékeré náà. Gìtá aláwọ̀ oyin ló wà lórí àga. Ó yí i padà. Lẹ́yìn rẹ̀, *Láti ọwọ́ Díkónì* nìkan ló kù. Joel ti tẹ̀lé e wọlé.

"Bàbá, ẹ kú oríire."

"Gbé ìwé yẹn kúrò níkùn."

Joel gbé e kúrò. Níbi ikùn ẹ̀wù funfun, wúrà ń dán: *Bánjọ àti ìdílé*, tí wọ́n kọ láti òdì sí òdì bí ọ̀rọ̀ inú dígí.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ò jẹ́ kí n ta ìkejì kí ẹ tó dáhùn. Mo wo ẹ̀wù mi, mo ní, ah, d'accord."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Òjò ń rọ̀, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Kí ló dé tí o fi ṣe é?"

Joel fi èékánná ha lẹ́tà kan níkùn rẹ̀. Kò ṣí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní okùn títẹ̀. Ẹ sì ní títí ayé. Títí ayé ti pọ̀ jù."

Díkónì bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó jù ú sí i. "Bọ́ tìrẹ fún mi. Èyí ni kí o wọ̀ lọ́la."

Ó jáde sí àárín àwọn akọrin tó ṣì ń pariwo, ó gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀wù Joel wà ní kíká lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́ ohùn náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n fáníìṣì yìí ṣì kéré lọ́jọ́ orí. A kì í gbé ọmọ tuntun jáde síta kí ó tó gbó. Oṣù mẹ́ta ni mo fún un. Nítorí náà, Joel ni kó jókòó síbí lọ́la, kó ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta náà, a ó máa gbà á fún ara wa, ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ kan."

Màmá Christianah wò ó pẹ́, ó wo Joel, ó wo ẹ̀wù tó wà lábẹ́ abíyá. "Díkónì," ló wí nígbẹ̀yìn, "irú ìrẹ̀lẹ̀ yìí ṣọ̀wọ́n." Àwọn tó kù náà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Díkónì dúró díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè sọ ọ́ tán.

Folúkẹ́ fi spirit fọ ẹ̀wù náà nílé. Fáníìṣì jáde, wúrà rọ̀ mọ́ ọn, ó kàn pọ́n rúsúrúsú bí omi ata. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó kà á láti òdì.

"Ẹ ní Ọlọ́run ló ń kà á," ló wí. "Ó jọ pé ó ti kà á tán, ó ti dá a padà."

Lọ́jọ́ Ìkórè, àga kejì ni Díkónì Bánjọ jókòó sí, pẹ̀lú ẹ̀wù Joel lọ́rùn àti gìtá aláwọ̀ oyin níkùn. Kò sí wáyà lára rẹ̀. Ó ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ẹni tó gbọ́ ọ, kò sì gbé e sílẹ̀ nígbà àdúrà, kò gbé e sílẹ̀ nígbà ìwàásù. Nígbà tí wọ́n jó lọ síwájú, ó gbé e jó. Níwájú rẹ̀, Joel ń ta pupa. Nígbà tí àwọn ará Languibonou dìde pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ iṣu wọn, Joel dá orin kan tí Díkónì fúnra rẹ̀ kọ́ ọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó dúró níbi tí Díkónì kì í dúró sí, ó jẹ́ kí ó dákẹ́ níbẹ̀ fún èémí kan, kí ó tó máa bá a lọ. Orí Díkónì mì. Kò mọ̀ títí ó fi mì lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ìsìn, bàbá àgbà kan láti ìjọ Béoumi wá bá a lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà. Ó wọ agbádá aláró, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́.

"Díkónì, ẹ kúuṣẹ́. Gìtá aláwọ̀ oyin tó wà láyà yín yẹn, ohùn rẹ̀ wọ̀ mí lára. Kí lẹ fi pa á?"

Joel wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́. Ó dáwọ́ oúnjẹ dúró. Folúkẹ́ náà yíjú sí wọn.

Díkónì la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀, ìpele lórí ìpele: gomme-laque, àkísà, igi tó ń mí, òyìnbó onírùngbọ̀n. Ó pa ẹnu dé, ó tún un là.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí. "Kò sí wáyà lára tèmi. Gìtá pupa yẹn lẹ gbọ́, ọwọ́ Joel sì ni."

Bàbá náà mi orí, ó yíjú sí Joel, ó ń súre fún un. Díkónì dúró. Ó wo gìtá pupa tó wà lẹ́bàá ògiri, tó kọ ẹ̀yìn síta, tí orúkọ náà wà lára rẹ̀ gàdàgbà láìṣí lẹ́tà kan. Ó gbìyànjú, Ọlọ́run rí i pé ó gbìyànjú.

"Èmi náà ni mo ra ìyẹn," ló wí.